Onílàjà Àgọ́ Ọlọ́pàá Etí Òkun

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé ní Becontree Heath, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, olùkọ́ yín ló wá bá mi nílé pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní àwọn kan nínú yín ti ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, kí n kọ bí mo ṣe ṣe tèmi sílẹ̀, bóyá ẹ ó rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí ìbọn àti eré sísá, kó yáa lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe lóòótọ́, n kò ṣe é ní Nàìjíríà, n kò sì ṣe é níbí. Ìlú Lárúbáwá kékeré kan létí òkun ni mo ti ṣe é, ìlú tó kéré débi pé bí èèyàn bá wa mọ́tò kúrò nílé láàárọ̀, yóò kan ààlà kó tó di oúnjẹ ọ̀sán. Ìlàjà ni wọ́n fi mí sí. Mo bá ẹni ẹlẹ́ni bẹ̀bẹ̀ títí irun orí mi fi funfun. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ Mùínátù ọmọ mi ni mò ń gbé, nítòsí Dagenham East, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó dárí jì mí kí n tó kú. Ẹ ó rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan iṣẹ́ mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí. Ilé-kéú ni bàbá mi kọ́kọ́ fi mí sí, nígbà tí mo sì dàgbà, mo tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ mi lọ kàwé Lárúbáwá ní Sùdáànì. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ìlú etí òkun yẹn ti wá kó ọ̀dọ́ síṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n fẹ́ ẹni tó ga, tó gbọ́ Lárúbáwá, tí ara rẹ̀ sì le. Mo ga, mo gbọ́ ọ, ara mi le. Wọ́n kó mi mọ́ àwọn ọmọ Sùdáànì, owó oṣù ibẹ̀ sì dára ju ti tíṣà lọ. Ìyẹn ti tó lórí bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà. Níbí, ọlọ́pàá wà lọ́tọ̀, panápaná wà lọ́tọ̀, wọ́dà wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń fún àlejò níwèé ìgbé náà wà lọ́tọ̀, kálukú ló ń ṣe ìjọba tirẹ̀. Lọ́hùn-ún, abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo wọn wà, abẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ọlọ́pàá ojú títì, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣọ́ etíkun, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n, títí dé ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ níbùdókọ̀ òfúrufú, ẹnu ibì kan náà ni wọ́n ń wò. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn mélòó kan, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá àgbà, àwọn àgọ́ ọlọ́pàá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin ló ń dá obìnrin lóhùn, ọkùnrin kò gbọdọ̀ yẹ ara obìnrin wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yà méjì ni wá. Àwọn tó ní ìràwọ̀ léjìká, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́pàá ni wọ́n ti jáde. Àwa tí a ní ìlà lápá, àlejò ló pọ̀ jù nínú wa: Sùdáànì, Yémẹ̀nì, Jọ́dánì, Pakísítáànì, àti ọmọ Ìjẹ̀bú kan báyìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu irùngbọ̀n yóò jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, lọ́la ìwọ tí o ti pẹ́ níbẹ̀ yóò na ọwọ́ kí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Onílà kì í di oníràwọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí, n kò ní purọ́.

Nǹkan tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dé kóòtù. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ ọ́, tí kì í ṣe ọ̀ràn ńlá, tí o bá ti sọ níwájú ọlọ́pàá pé o ti yọ̀ǹda rẹ̀, ó parí nìyẹn. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn Lárúbáwá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àgọ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń ní àgbà kan tó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ní àgọ́ tiwa létí èbúté, Sájẹ́ǹtì Babíkà ni. Ọmọ Sùdáànì ni, ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí.

Mo rò pé lọ́jọ́ kejì ni n ó ti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Babíkà gbé kẹ́tùlù lé mi lọ́wọ́. Tíì ni mo ń sè. Oṣù ń gorí oṣù, tíì ni mo ń sè. Bí mo bá fi ṣúgà sí i kí àlejò tó béèrè, á dà á nù níṣojú mi. Bí mo bá gbé e jáde kí àlejò tó mu omi, á dá mi padà. Nígbà tí mo ráhùn, ó wò mí ó ní, “Lásísì, ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dákẹ́, ta ló fẹ́ bẹ̀?”

Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá mọ ìdí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, a kì í bẹ̀ ẹ́ lórí ìdúró. Jẹ́ kó jókòó. Fún un lómi tútù, nítorí oòrùn ìta ti bá a jà kó tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni tíì, tíì sì ń gbóná, kò lè sáré mu ún, bó bá ṣe ń fẹ́ ẹ ni ọkàn rẹ̀ yóò máa rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tó la ẹnu. Òfin tó wá ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ẹni tó ṣẹ̀ kì í fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ilé rẹ̀ ni yóò wá, tàbí ọ̀gá rẹ̀, tàbí àwa. Babíkà ní bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, àwíjàre ni yóò máa ṣe. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo ní ilé wa gan-an rèé. Ní Ìjẹ̀bú, ta ló ń dá nìkan lọ bẹ àna rẹ̀? O ó wá èèyàn síwájú ni. Mo gba òfin yẹn bí ẹni gba ogún bàbá rẹ̀, òun náà ló padà bà mí jẹ́.

Ẹ jẹ́ n fi tẹ̀rín síbẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹkún. Bàbá apẹja kan wá fi ẹjọ́ ọmọ olówó kan sùn, pé ó fi ọkọ̀ ojú omi ayára-bí-àṣá ya ìgèrè òun lórí omi. Babíkà ti lọ kírun. Mo ní ọjọ́ tèmi pé. Mo fún bàbá ní ìjókòó, mo fún un lómi, mo gbé tíì sílẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú, ó jọ bàbá bàbá mi. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu báyìí, ara tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ kọ́ nílé kò dúró gbọ́ tẹnu. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

“Àsítàgàfúrúlái!” Bàbá fò dìde, tíì dà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n là á fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: lójú àwọn ará ibẹ̀, Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Lójú bàbá yìí, ọlọ́pàá ti ń sin òun. Babíkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun dé ló fi bẹ́líìtì fà mí dìde. Ó ní, “Ṣé orí rẹ dàrú ni?” Mo ní, “Ọ̀gá, bí a ṣe ń kí bàbá nílé wa ni.” Bàbá apẹja wò mí, ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín gbé e. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nítorí ìgèrè òun ni odindi géńdé ṣe na ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, òun ti yọ̀ǹda ọmọ náà. Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n Babíkà ní kí n lọ máa ṣọ́ géètì nínú oòrùn tó ń bó èèyàn lára. Mo ṣọ́ ọ títí awọ imú mi fi ṣí. Ó ní kí n rántí pé ahọ́n ni wọ́n gbà mí fún, kì í ṣe àyà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbájú mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Mo mọ ẹni tí a ń fi àdúrà bẹ̀, mo mọ ẹni tí a ń fi ọmọ rẹ̀ bẹ̀, mo mọ ẹni tí a kàn ń dákẹ́ tì títí yóò fi sú u. Awakọ̀ tó fọ́ iná mọ́tò ara wọn, aládùúgbò tó na ara wọn nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ àti ìyàwó, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, gbogbo wọn ló mu tíì lọ́wọ́ mi. Àwọn oníràwọ̀ á ní, “Ẹ gbé e fún Lásísì.” Orí mi á wú. Mo gba ìlà kan, mo gba èkejì, mo gba èyí tó kẹ́yìn.

Irinṣẹ́ ń yí padà, àwa náà ń yí. Nígbà tí mo dé, yíǹkì dúdú la fi ń tẹ ìka ọ̀daràn, aṣọ funfun wa kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Ó di gíláàsì tó ń tàn. Rédíò tó wúwo bí bíríkì di fóònù. Kámẹ́rà gba gbogbo orí òpó, débi pé kò sí ẹni tó lè jiyàn pé òun kọ́ ló kọlu ẹnìkejì. Lópin rẹ̀, wọ́n gbé ètò kan sórí fóònù: bí mọ́tò méjì bá fara kan ara wọn, kálukú á ya fọ́tò, á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, á bá tirẹ̀ lọ. Ó yá, ó mọ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí ì bá jókòó mu tíì tí wọ́n á sì di ojúlùmọ̀, wọn ò tún rí ojú ara wọn mọ́. Yàrá tí mo ti ń bẹ èèyàn, wọ́n padà ń kó àga tó fọ́ sí i.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Sìdíkátù ìyàwó mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú Mùínátù, ọmọ kan tí a bí. Àwọn oníràwọ̀ lè bá aya wọn gbé. Onílà lè mú tirẹ̀ wá bí ó bá rí ìyọ̀ǹda gbà, mo sì ń sọ fún Sìdíkátù lọ́dọọdún pé ó ku díẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo máa ń lọ lọ́dún kan, mo máa ń fò ó lọ́dún kejì. Mùínátù á sáré pàdé mi, á sì máa tijú mi fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ojú mi bá ti ń mọ́ ọn lára ni n ó tún di ẹrù.

Babíkà fẹ̀yìn tì, ó padà sí Sùdáànì, ó fi kẹ́tùlù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òjò tí mo fẹ́ sọ rọ̀.

Ìlú aṣálẹ̀ ni ìlú yẹn. Wọ́n máa ń kírun tọrọ òjò níbẹ̀ ni. Ilẹ̀ wọn kò mọ omi í mu, gọ́tà wọn kò sì tó nǹkan. Òjò náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ bí òjò Ìjẹ̀bú gan-an, kò sì dá. Ọ̀nà kan wà tó gba abẹ́ afárá kọjá. Omi ya wọ ibẹ̀, ó bá bọ́ọ̀sì kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àwọn panápaná fi rí ọ̀nà dé ibẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo wa pátá ni wọ́n fagi lé ìsinmi wa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa pe àwọn ará ilé òkú lórí fóònù, nítorí ohùn mi tù wọ́n lára. Mo pe ìyá, mo pe aya, mo pe àbúrò. Kò sí tíì tí mo lè fún wọn mu.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Mùínátù pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọmọ iléèwé girama ni nígbà yẹn.

“Bàbá, Màámi ò gbádùn o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹ̀yin ló ń pè.”

Mo ní, “Mò ń bọ̀.”

Ó tún pè lọ́jọ́ kejì. Mo ní, “Mò ń bọ̀, ọmọ mi.”

Kí n tó lè lọ, ọ̀gá àgọ́ wa ní láti fọwọ́ sí i. Kápútẹ́ẹ̀nì kan ni, ọmọ onílẹ̀, kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, ó sì níwà. Yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi bẹ̀ ẹ́? Babíkà ti lọ. Ẹni tó ku lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Álì, ọmọ Yémẹ̀nì kan tó ti pẹ́ bíi tèmi. Mo lọ jókòó tì í, mo mí kanlẹ̀, mo ní, “Álì, ìyàwó mi ò yá o. Ara rẹ̀ ò yá rárá.” Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ká ní ọmọ Yorùbá kan ló jókòó síbẹ̀, kí n tó dìde, yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà Kápútẹ́ẹ̀nì pé, “Ọ̀gá, ẹ ṣàánú Lásísì.” Álì pa ojú dé, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún Sìdíkátù. Ó ṣe “Àmín” ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dúró dè é. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà Kápútẹ́ẹ̀nì, mo ń retí kí wọ́n pè mí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ wà ní ààbọ̀ rẹ̀.

Sìdíkátù kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wa ṣe wí.

Kápútẹ́ẹ̀nì ló pè mí wọ yàrá. Ó dìde fún mi, ohun tí oníràwọ̀ kì í ṣe. Ó ní, “Ìgbà wo ló ti ń ṣàìsàn?” Mo sọ fún un. Ó ní, “Lásísì, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ọjọ́ náà gan-an ni ǹ bá ti ní kí o lọ.” Ó gba nọ́ńbà Mùínátù lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ bá a kẹ́dùn. Àṣà wọn ni. Mùínátù gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà gbọ́ ọ. N kò béèrè ohun tí wọ́n jọ sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń lọ títí ọjọ́ orí mi fi pé. Ìwé ìgbé àlejò níbẹ̀, iṣẹ́ ló so ó mọ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti tán, ilé ti tán nìyẹn. Wọ́n fún mi ní àwo kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, a ya fọ́tò, àwọn tó bá mi yà á ti gbàgbé mi báyìí. Mùínátù ti wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó ti bímọ. Òun ló ní kí n wá máa bá òun gbé. Ọmọ dáadáa ni, kò fi oúnjẹ dù mí, òun ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n “Ẹ káàárọ̀, sà” ni ìkíni rẹ̀. “Ẹ jẹun, sà.” “Ẹ lo oògùn yín, sà.” Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò pè mí ní Bàbá mọ́.

Mo ṣe bí mo ṣe mọ̀. Mo wá èèyàn síwájú. Màmá Dọ́kàsì ni mo kọ́kọ́ rán, aládùúgbò wa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ẹni tó máa ń wọ sùtánà funfun tí yóò sì fẹsẹ̀ lásán rìn láti inú mọ́tò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, òtútù ìbáà mú. Mùsùlùmí ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n bẹ̀ là ń wá. Mo ní kó sọ fún Mùínátù pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n wá. Mo ń gbọ́ wọn láti yàrá.

“Mùínátù mi, forí ji Bàbá. Duty ni. Government work, wọn ò lè kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, ma. Ẹ ṣé, ma.”

Kò sí ìyàtọ̀. Mo rán Àáfà mọ́ṣáláṣí wa. Ó wàásù fún un lórí oore òbí. “Mo ti gbọ́, sà. Thank you, sà.” Ó tún le sí i, mo rò pé ó tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó wá ku Àmínà, ọmọ Mùínátù, tó ń lọ sí yunifásítì, tó sì fẹ́ ṣe ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù níbí. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Dagenham Heathway, a jókòó síta kafé kan, mo ń mí kanlẹ̀. Mo ní, “Àmínà, ìyá rẹ yìí o.”

Ó wò mí. “Grandpa, no offence, ẹ ti rán Màmá Dọ́kàsì. Ẹ ti rán Àáfà. Now it's me? Mummy is not a police station, you know.”

“Kí wá ni kí n ṣe?”

“Just talk to her. You. Ẹnu yín.”

“A kì í fẹnu ara ẹni bẹ̀bẹ̀.”

“Says who?”

“Sájẹ́ǹtì Babíkà.”

“Well, Babíkà's not in Dagenham, innit.” Ó mu kọfí rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, “She thinks you don't care enough to come yourself. Again.”

“Again” yẹn gún mi. Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo sì ti fi òwe yìí tu ara mi nínú fún ọdún púpọ̀. Àwọn baba wa kò wá ní òwe mìíràn ni? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà ńkọ́? Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Mùínátù ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń ha ẹja nínú síǹkì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí òórùn lè jáde. Àmínà gba òkè lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Ara mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo dá a lẹ́kun: bàbá tó bá dọ̀bálẹ̀ fọ́mọ, ègún ló fẹ́ fi lé ọmọ lórí. Èmi tí mo ti bẹ onírúurú èèyàn, n kò mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Mùínátù, irọ́ ni mo ní kí wọ́n pa fún ọ. Iṣẹ́ kọ́ ló dá mi dúró. N kò béèrè. Ká ní mo béèrè ni, wọn ì bá jẹ́ kí n wá. Mo jókòó, mo ń retí kí ẹnì kan bá mi béèrè.”

Kò yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹja náà.

“Mo mọ̀,” ló wí.

“O mọ̀?”

“Ọ̀gá yín sọ fún mi. Ọjọ́ tó pè. He was crying. Ó ní, ‘Your father never asked me.’ Ọmọ iléèwé ni mí nígbà yẹn, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá rán èèyàn pé duty ni, duty ni, mo kàn ń wò wọ́n ni.” Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́, ó tì í. “Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa àga kan kúrò lábẹ́ tábìlì, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó bu omi fún mi. Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Kò mọ Babíkà rí, n kò sì sọ̀rọ̀ tíì fún un rí láyé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló yẹ kí wọ́n fi sórí àga yẹn, òun ni wọ́n ṣẹ̀. Mo dìde, mo ní kí òun jókòó. Ó fẹ́ jiyàn, ó wo ojú mi, ó jókòó. Mo bu omi tirẹ̀. Nígbà tí omi hó, èmi ni mo po tíì. N kò fi ṣúgà sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó bá wù yín. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá, kò burú, iṣẹ́ gidi ni. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun ni iṣẹ́ yóò gbé yín lọ, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ará ilé yín, ẹ má ṣe sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ sọ odindi, ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò yìí, kò sì wù mí kí ẹ wá bá mi níbẹ̀.

Mùínátù kò sọ lọ́jọ́ náà pé òun ti dárí jì mí, n kò sì retí i. Ó ń fẹ́ tíì rẹ̀. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀, mo wá rí i pé nínú gbogbo ìbéèrè tí mo bi aráyé nínú yàrá àgọ́ ọlọ́pàá yẹn, ọ̀kan wà tí n kò tíì bi ọmọ mi rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ti ń bà mí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú wá.

Mo ní, “Mùínátù, báwo ni ìyá rẹ ṣe lọ?”

Ó gbé ife sílẹ̀. “Ó pẹ́, Bàbá,” ló wí, “ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi.